Kí Ni Obìnrin Yìí Ń Tà?

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ìbéèrè kan ti há sí mi lọ́fun bí egungun ẹja. N kò kà á nínú ìwé, ọ̀mọ̀wé kankan kò sì fi kọ́ mi. Màámi ló bi í, ní páálọ̀ wa ní Adó-Èkìtì, lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan tí iná wà, tí díkódà wa sì ní owó nínú. Ohun méjì yìí kì í sábà pàdé nílé wa.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ọjà Ọba dé ni. Gaàrí ni wọ́n ń tà, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, wọ́n tú ọ̀já owó, wọ́n sì da gbogbo rẹ̀ sí àárín itan. Báyìí ni wọ́n ṣe máa ń kà á: ẹgbẹ̀rún lọ́tọ̀, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lọ́tọ̀, igba lọ́tọ̀. Èyí tó bá ya, wọ́n á tì í bọ abẹ́ orúnkún kí wọ́n lè rí i lẹ̀ lọ́la. Wọn kì í wo owó náà. Ojú wọn wà lára tẹlifíṣọ̀n, ọwọ́ ló ń kà á. Bàámi ti sùn lọ lórí àga.

Nínú fíìmù náà, ọkọ wọlé dé. Ìyàwó sáré pàdé rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó gba báàgì, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, olówó orí mi." Ó gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà jẹun tán, tó ń fi igi tayín, obìnrin wá jókòó sí etí àga, ó ń fọwọ́ pa etí ìró rẹ̀. Owó oúnjẹ ti tán. Ọkùnrin pòṣé. Ó fa owó méjì yọ nínú àpò, ó jù ú sórí kápẹ́ẹ̀tì. Obìnrin ṣà á, ó dúpẹ́, omi bọ́ lójú rẹ̀, orin arò wọlé.

Màámi ti fi ahọ́n tọ́ àtàǹpàkò láti ṣí owó tó kàn. Wọ́n dá ọwọ́ dúró.

"Kí ni obìnrin yìí ń tà?"

Àbúrò mi ọkùnrin bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màámi, fíìmù mà ni."

"Mo mọ̀ pé fíìmù ni. Ṣé ojú mi fọ́ ni? Wọ́n mú wa dé ọ́fíìsì ọkọ rẹ̀ láàárọ̀, a rí tábìlì, a rí ọmọ tó ń gbé fáìlì fún un. Iṣẹ́ ọkọ, a rí i. Tirẹ̀ ńkọ́? Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́, kí ló ń ṣe?"

(Mo ti yí ọ̀rọ̀ wọn sí Yorùbá gbogbogbò. Ti Èkìtì tí wọ́n fi sọ ọ́ gbóná ju báyìí lọ.)

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Màámi tún fi àtàǹpàkò kan ahọ́n, wọ́n sì ń bá kíkà lọ láti ibi tí wọ́n dúró sí. Iye wọn kò sọnù. Tèmi ló sọnù, nítorí n kò rántí ohunkóhun mọ́ nínú fíìmù yẹn lẹ́yìn ìbéèrè náà.

Ìwé tí mo fi ń ṣọ́ wọn

Lọ́jọ́ kejì ni mo mú ìwé kan tó ṣẹ́kù nínú àwọn tí mo fi ń kọ ètò iṣẹ́ sílẹ̀. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí, n kì í ṣe oníwádìí. Mo kàn ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni: obìnrin kọ̀ọ̀kan tó bá hàn nínú fíìmù tí a bá wò nílé, kí ni ó ń tà, tàbí iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe.

Ìwé náà kún, ṣùgbọ́n apá ibi tí mo fà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ló ṣófo. Mo kọ "ìyàwó", mo kọ "ìyá ọkọ", mo kọ "orogún", mo kọ "ọ̀rẹ́ tó fẹ́ gba ọkọ ọ̀rẹ́", mo kọ "àjẹ́", mo kọ "ọmọ tó gboyún wálé". Ta ni wọ́n jẹ́ sí ọkùnrin kan ni gbogbo rẹ̀ ń sọ. Bí a bá yọ ọkùnrin yẹn kúrò nínú ìtàn, a kò ní mọ ohun tí a ó pè wọ́n.

Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀bù, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ṣọ́ọ̀bù inú fíìmù dáadáa. Aṣọ mẹ́fà ló fi kọ́ sára ògiri. Oníbàárà kì í wọlé. Ẹnì kan ṣoṣo tó máa ń wọlé ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó wá sọ fún un pé òun rí ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú ọmọge kan ní òtẹ́ẹ̀lì. Kí ọ̀rọ̀ náà tó parí, onísọ̀ ti gbé báàgì, ó ti jáde, kò ti ilẹ̀kùn. Màámi, tí kì í lọ tọ̀ lẹ́yìn ìsọ̀ láìjẹ́ pé ó fi àpò bo gaàrí, tó sì fi ìsọ̀ lé aládùúgbò lọ́wọ́, máa ń pariwo níbí yìí: "Wọ́n á jí i lọ!" Kì í ṣe ọkọ ni wọ́n ní lọ́kàn. Ọjà ni.

Obìnrin olówó náà wà, ìyà tirẹ̀ ló pọ̀ jù. Bí kò bá fi ọmọ rẹ̀ ṣe oògùn owó, yóò ti dàgbà kọjá kó tó rọ́kọ fẹ́. Bí ó bá rọ́kọ fẹ́, yóò máa rí ọkọ náà fín. Ní ìparí, á kúnlẹ̀ bẹ pásítọ̀, á bẹ ìyá ọkọ, á bẹ ọkọ. Olówó ọkùnrin nìkan ni ìtàn máa ń parí dáadáa fún.

Ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan wà tó ń jẹ́ Alison Bechdel. Ní 1985, ó gbé ìdánwò kan jáde nínú àwòrán ẹ̀fẹ̀ tó ń yà: ǹjẹ́ obìnrin méjì wà nínú fíìmù yìí? Ǹjẹ́ wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀? Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ sí ti ọkùnrin? Ìdánwò tó dára ni, ayé sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn fíìmù wa lè yege nínú rẹ̀ láìlàágùn. Ìyá ọkọ àti ìyàwó lè fi ìdajì wákàtí jà lórí ata inú ọbẹ̀. Ti Màámi ló le. Kò bìkítà ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Kí ni ó ń tà?

"Kò ṣiṣẹ́, iṣu ni ó ń tà"

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo fún àwọn ọmọ JSS 2 ní àròkọ: "Ìyá Mi". Ọdọọdún ni mo máa ń fún wọn, kò sì sí ọdún tí n kì í mọ ohun tí wọn yóò kọ. Ìyá mi pupa, ìyá mi ga, ìyá mi fẹ́ràn mi, ìyá ni wúrà, bàbá ni dígí.

Ọmọbìnrin kan kọ ọ́ báyìí: "Ìyá mi kò ṣiṣẹ́. Iṣu ni ó ń tà."

Mo ti ka gbólóhùn yìí tẹ́lẹ̀ rí lọ́wọ́ ọmọ mìíràn. Ó dá mi lójú pé mo ti ka irú rẹ̀ tó ogún ìgbà, tí mo máàkì í, tí mo ṣí ojú ewé. Lọ́tẹ̀ yìí, bíìrò pupa wà lọ́wọ́ mi, n kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Àṣìṣe gírámà kankan kò sí níbẹ̀. Àmì ohùn rẹ̀ pé pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́, ohun tí n kì í sábà rí.

Mo pè é nígbà ìsinmi ráńpẹ́. Mo ní, "Aago mélòó ni ìyá rẹ ń jí?" Ó ní aago mẹ́rin. "Níbo ni wọ́n ń lọ?" Ó ní wọ́n ń bá ọkọ̀ ẹlẹ́rù lọ kó iṣu ní ọjà ọrọọrún, àwọn ni wọ́n sì ń dúró tì í kí wọ́n má bàa fi iṣu jíjẹrà sí abẹ́ rẹ̀. "Ta ló san owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ?" Ó ní ìyá òun ni. "Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Bàbá mi ń ṣiṣẹ́, mà."

"Iṣẹ́ wo?"

"Wọ́n ti fẹ̀yìntì, mà."

Kì í ṣe pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Ẹni tó ti fẹ̀yìntì ṣì jẹ́ òṣìṣẹ́ lójú rẹ̀, ẹni tó jí laago mẹ́rin láti gbé iṣu kì í ṣe òṣìṣẹ́. Iṣẹ́ ni ibi tí ọ́fíìsì bá wà, tí tábìlì bá wà, tí ènìyàn bá ń gbé fáìlì fún ọ. Níbo ló ti rí i bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe nílé wọn.

N kò lè di gbogbo ẹ̀bi lé tẹlifíṣọ̀n lórí, nítorí èmi gan-an kò mọ́. Nígbà tí mo fẹ́ wọ yunifásítì, fọ́ọ̀mù bi mí pé iṣẹ́ wo ni ìyá mi ń ṣe. "Petty trader" ni mo fi lẹ́tà ńlá kọ síbẹ̀. Ojú ń tì mí, mo sì yára ṣí i kọjá. Gaàrí tó rán ọmọ mẹ́rin lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni mo pè ní ohun kékeré. Wọ́n máa ń yìn wá pé kò sí agbo ilé Èkìtì tí kò ti ní ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ bi àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n náà léèrè ohun tí ìyá wọn ń tà.

Ọ̀pó lọ, páálọ̀ dé

Mo wá ń wá ẹni tó kọ́kọ́ mú obìnrin jókòó sínú páálọ̀ yìí, nítorí kì í ṣe àwa ni. Ohun tí mo rí nìyí. Ní 1930, ní ìlú Chicago, ilé-iṣẹ́ rédíò kan tó ń jẹ́ WGN bẹ̀rẹ̀ ìtàn àtìgbàdégbà kan ní ọ̀sán, obìnrin kan tó ń jẹ́ Irna Phillips ló ń kọ ọ́. Kó tó pẹ́, irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kún orí rédíò Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń sanwó fún wọn ni ilé-iṣẹ́ ọṣẹ, Procter & Gamble lára wọn. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní soap opera nìyẹn: ọṣẹ ni.

Ta ni wọ́n ń tà á fún? Obìnrin tó wà nílé lọ́sàn-án nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà níbi iṣẹ́. Ó dára kí ìtàn náà ṣẹlẹ̀ níbi tí olùgbọ́ jókòó sí, ní páálọ̀, ní ilé ìdáná, kí ọ̀rọ̀ sì jẹ́ ti ọkọ, ti ọmọ, ti àna. Ọgbọ́n ọjà ni. Ó ti orí rédíò bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó dé Mẹ́síkò, ó dé Íńdíà, ó sì dé ọ̀dọ̀ wa. Láti 2015 tí Zee World, ìkànnì tó ń gbé ìtàn àwọn ará Íńdíà jáde, ti dé orí díkódà, Màámi kì í gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń sọ ọ́, síbẹ̀ wọ́n mọ ẹni tí yóò fi májèlé sínú tíì kó tó ṣẹlẹ̀. Ìtàn kan náà ni, aṣọ ló yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n obìnrin Èkìtì kò sí nílé lọ́sàn-án. Òun ló wà lọ́jà tó ń ta ọṣẹ náà.

Chicago tí mo dárúkọ yìí ni ó mú mi dúró, nítorí ohun kan tó jẹ́ tiwa wà níbẹ̀. Láàárín 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ àwọn ọ̀pó fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀kan nínú wọn wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọnà ìlú Chicago lónìí, ẹ lè rí àwòrán rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọba jókòó sórí ìtẹ́, ó dé adé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni olorì àgbà dúró sí. Ó ga ju ọba lọ fíìfíì. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ẹ̀yìn ìtẹ́, ọrùn rẹ̀ gùn, ó tutù, kò sunkún. Ẹ rántí pé ọ̀pó ni, kì í ṣe àwòrán lásán. Abẹ́ òrùlé ni wọ́n ṣe é fún. Ọkùnrin ló gbẹ́ ẹ, ọba ló gbé iṣẹ́ fún un, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé kó mú obìnrin náà kúnlẹ̀ gba báàgì. Ọ̀pó wa lọ sí Chicago, Chicago fi páálọ̀ ránṣẹ́ sí wa.

Ìwọ

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn fi máa ń bú wa. Nínú èdè Èkìtì, a kì í fi "ẹ" àti "wọ́n" bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo bí tiwọn. "Ìwọ" ni ọmọ ń sọ sí ìyá, "ìwọ" ni ìyàwó ń sọ sí ọkọ. Ọ̀wọ̀ wà nínú ohùn, ó wà nínú ìkúnlẹ̀ òwúrọ̀, ó wà nínú oríkì. (Bí mo ṣe ń pe Màámi ní "wọ́n" láti òkè yìí wá, ti ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ni. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ, wọ́n á bi mí pé àwọn mélòó ni mo rí.)

Ó ti lé ní ogójì ọdún tí Màámi ti ń sọ "ìwọ" sí Bàámi, kò sì dun ẹnì kankan. Lọ́dún tó kọjá ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, fa aṣọ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní: "Àǹtí, kí ló dé tí Màmá àgbà kì í bọ̀wọ̀ fún Bàbá àgbà?" Ó ti wo ìyàwó púpọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó mọ bí ìyàwó rere ṣe ń sọ̀rọ̀, ìyá ìyá rẹ̀ kò sì sí nínú wọn.

Ìkúnlẹ̀ pàápàá, tẹlifíṣọ̀n ti gé e kúrú. Nínú fíìmù, ojú ọ̀nà kan ló ń gbà: láti ọ̀dọ̀ ìyàwó sí ọ̀dọ̀ ọkọ. Nínú agbo ilé wa, àbúrò Bàámi tó jẹ́ obìnrin ni Màámi ṣì ń pè ní "ọkọ mi" títí dòní, nítorí ọmọbìnrin ilé, ọkọ ni fún ẹni tí wọ́n gbé wọlé. Ẹni tí ó bá ẹ nílé ni àgbà rẹ, ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin.

Mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí ọba ìlú Màámi wàjà. Gẹ́gẹ́ bí ó ti wà ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, ọmọ rẹ̀ obìnrin ni wọ́n fi ṣe adelé títí tí wọn yóò fi yan ọba mìíràn. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Agbádá ọkùnrin ló wọ̀, fìlà ló dé, ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, kò sì lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ìjòyè kan tó lè bí i lọ́mọ wọlé, ó bọ́ bàtà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì. "Kábíyèsí." Bàámi náà dọ̀bálẹ̀. Mo wo ojú Bàámi bóyá n ó rí ẹ̀rín níbẹ̀. N kò rí i.

Obìnrin inú ààfin tí mo ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n ni olorì kékeré tó fẹ́ pa ọmọ olorì àgbà.

Ìròyìn kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwádìí kan wà tí wọ́n ń ṣe káàkiri ayé ní ọdún márùn-ún márùn-ún láti 1995, lórí àwọn tí ìròyìn ń sọ̀rọ̀ nípa wọn tàbí tí ó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Ti 2020 rí i pé obìnrin kò ju 25% lọ nínú wọn. Ní ìpínlẹ̀ wa, obìnrin mẹ́rin ti jẹ igbákejì gómìnà: Abíọ́dún Olújìmí, Fúnmiláyọ̀ Ọláyínká tó kú lórí oyè ní 2013, Modúpẹ́ Adélabú, àti Monisade Afuye. Ní oṣù kọkànlá 2022, Olúbùnmi Adélùgbà di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkìtì. Kò kéré. Ṣùgbọ́n "igbákejì" ni mẹ́rin yẹn, a kò tí ì ní gómìnà obìnrin kankan.

Èékánná Bàámi

Wọ́n fi àwọn ọkùnrin náà sínú páálọ̀ yìí, wọn kò kàn mọ̀ ni. Nínú fíìmù, ọkùnrin tó bá ń fọ abọ́ ti jẹ nǹkan. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ babaláwo, wọ́n ti se é mọ́ ẹ̀wà. Kò sẹ́ni tí yóò ṣàlàyé fún yín, kíki ọwọ́ bọ omi ọṣẹ nìkan ti tó ẹ̀rí.

Ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ jáde. Ó so épúrọ̀ọ̀nù mọ́ra, ó ń fọ abọ́, ojú rẹ̀ ti ṣù bí ti ẹni tí oorun ń kùn. Bàámi tó jí lọ́jọ́ yẹn ló rẹ́rìn-ín jù. Wọ́n ń fọwọ́ lu itan, wọ́n ní, "Wọ́n ti mú un! Wọ́n ti mú un pátápátá!" Mo wo ọwọ́ tí wọ́n fi ń lu itan náà. Eèpẹ̀ ara ẹ̀gẹ́ ṣì wà lábẹ́ èékánná wọn. Láti àárọ̀ ni àwọn àti Màámi ti jọ ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé, àwọn ni wọ́n máa ń yí jáàkì tí a fi ń fún un, àwọn ni wọ́n tún gbé asẹ́ tí wọ́n fi kù ú. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìntì. Nígbà tí owó oṣù kò wọlé fún oṣù pípẹ́, ẹ̀gẹ́ ló bọ́ wa, kò sì sí ẹni tó ní kí wọ́n so épúrọ̀ọ̀nù. Bí ọkùnrin rí ejò, tí obìnrin pa á, kí ejò má ṣáà ti lọ. Nílé wa, a kì í rántí ẹni tó rí i mọ́.

N kò sọ nǹkan kan fún wọn. Ẹ̀rín náà dùn mọ́ wọn.

Ta ló sanwó fíìmù náà?

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, wọ́n tún gbé fíìmù àkọ́kọ́ yẹn padà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí mo dúró títí dé òpin, nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ti dìde, tí àwọn orúkọ wẹ́wẹ́ ń gun ojú ìwòran lọ sókè. Mo rí orúkọ obìnrin tó ṣa owó méjì lórí kápẹ́ẹ̀tì. Mo tún rí i lẹ́ẹ̀kejì, níwájú rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé òun ló gbé fíìmù náà jáde. Owó rẹ̀ ni. Òun ló san owó ọkùnrin tó pòṣé sí i. Òun ló san owó kápẹ́ẹ̀tì.

Mo fi tẹlifóònù pe ọmọ ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé kámẹ́rà fún àwọn onífíìmù. Mo bi í pé kí ló dé tí wọn kì í yà á lọ́jà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ti gbé kámẹ́rà wọ Ọjà Ọba rí?" Ó ní bí o bá gbé e dúró, gbogbo ọjà ló ń wo inú rẹ̀. Ọmọ kan á juwọ́. Ọlọ́kadà á fun fèrè lórí ọ̀rọ̀ tó dùn jù. Àwọn géńdé kan á wá gba owó ilẹ̀, àwọn mìíràn á tún dé láti sọ pé àwọn tí ẹ fún kọ́ ló ni ín. Páálọ̀ ọ̀rẹ́ kan, ọ̀fẹ́ ni, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣeé tì, ẹ lè ya ìdajì fíìmù níbẹ̀ lọ́jọ́ méjì. Ohun tó sọ yẹn wọ̀ mí létí ju gbogbo ìwé lọ. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ìkórìíra obìnrin ń lé e kúrò lọ́jà. Nígbà mìíràn, epo jẹnẹrétọ̀ ni.

Síbẹ̀ n kò lè gbàgbé orúkọ tó kọjá lẹ́ẹ̀mejì yẹn. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959, tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, Àníkẹ́ Agbájé-Williams ni ojú àkọ́kọ́ tó hàn lórí rẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ ló wà. Fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa bílíọ̀nù kan náírà nílé sinimá, èyí tó jáde ní oṣù kejìlá 2023, Fúnkẹ́ Akíńdélé ló gbé e jáde. Àwọn obìnrin tó ń ṣe nǹkan yìí, oníṣòwò gidi ni wọ́n: wọ́n ń yá owó, wọ́n ń dá owó padà, wọ́n ń ná ọjà pẹ̀lú àwọn tó ni ọkọ̀ àti ilé tí wọ́n fẹ́ lò. Wọ́n á ṣe gbogbo èyí tán, wọ́n á bọ́ síwájú kámẹ́rà, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ owó ata. Ìtàn bí wọ́n ṣe rí owó fíìmù náà ni mo fẹ́ wò.

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá, nǹkan ṣẹlẹ̀. A ń wo òmíràn, Màámi ń ka owó bí ìṣe wọn. Fíìmù náà gbé wa dé ọjà kan, kékeré ni, ó jọ pé wọ́n dá a tò ni. Obìnrin kan jókòó lẹ́yìn abọ́ gaàrí. Oníbàárà dúró níwájú rẹ̀, oníbàárà gidi, ó ná an, ó sọ iye tó fẹ́ san. Obìnrin náà gbé kóńgò, ó bu gaàrí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gé orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, ó dà á sínú ọ̀rá, ó gba owó.

"Háà!" Màámi ti sún kúrò lára ògiri. "Ó gé e lórí! Ẹ wò ó, kò kó o jọ! Èènì ńkọ́? Kò bu èènì sí i!"

Bàámi lajú. "Ta ni?"

"Onígaàrí yìí! Ta ló kọ́ ọ ní ọjà? Ta ni yóò padà wá rà lọ́wọ́ rẹ̀?" Wọ́n ń fi ọwọ́ bu gaàrí nínú afẹ́fẹ́ láti fi hàn án bó ṣe yẹ kó ṣe, ìka wọn kó o jọ lórí kóńgò tí kò sí níbẹ̀ títí tó fi ṣe ṣóńṣó, wọ́n tún bu díẹ̀ lé e. Obìnrin inú tẹlifíṣọ̀n ti ń ta fún ẹlòmíràn, Màámi sì ń bá a wí lọ bí ẹni tó ń bá ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wí.

Nígbà tó yá, wọ́n wo itan wọn. Igba ti bọ́ sí àárín ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Wọ́n ní láti tún gbogbo rẹ̀ kà láti ìbẹ̀rẹ̀.